Òbòkún Kò Ní Ìpẹ́

Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni mọ́tò ìṣeré tí mo rà fún Àlàní ọmọ mi kú. Mọ́tò pupa ni, ó ń kọrin, iná ń tàn níwájú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni mo sì kà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Pé ó kú kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó já mi láyà ni ohun tí mo gbá jáde lábẹ́ àga lálẹ́ ọjọ́ náà: bátìrì kan báyìí, roboto, tó ń dán, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ìdérí ibi tí bátìrì ń wà lára mọ́tò ti já dànù. Àlàní kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ohunkóhun tó bá sì ti ń dán, ẹnu ló ń gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi bátìrì náà hàn án. Ó ní tí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, wákàtí 2 péré ti tó fún un láti jó ẹran ara ibẹ̀, pé ká má sọ pé a fẹ́ wò ó di àárọ̀, ilé ìwòsàn ni kíá. Ara mi bù máṣọ. Mo fi téèpù wé bátìrì náà, mo gbé e jù nù pẹ̀lú mọ́tò, Àlàní sì bú sẹ́kún bíi pé mo pa ẹnì kan.

Bàbá mi jókòó síta, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́, bá mi mú agolo sàdíìnì kan wá."

Ẹni tó bá mọ etí ọ̀sà dáadáa ní Ẹ̀pẹ́ níbí á mọ irú iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Èmi ní tèmi, pùròfísọ̀n ni mò ń tà. Páálí, agolo, ọ̀rá, ìdérí ìgò mínírà, gbogbo ohun tí ẹlòmíì ń kó dànù ló kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá tó mọ pákó lò wà nílé, páálí wà nílé, èmi sì ń gbé owó lọ fún ẹni tó ń ta ike. Ọ̀rọ̀ náà pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi sọ ni pé kí n fi òkúta lu etí agolo náà mọ́lẹ̀ yíká kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́. Mo ń fọ epo inú rẹ̀ lọ ni etí agolo bá là mí ní àtàǹpàkò, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Láti ọjọ́ yẹn, ní ilé mi, àgbàlagbà ló ń lu etí agolo, òun náà ló sì ń fi ìṣó lu ihò. Ọmọ lè ṣe gbogbo ìyókù.

Sílípáàsì tó ti já la gé ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò. A fi ìdérí ìgò mínírà lé e lórí, Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n Àlàní, fi bíròò fa ìlà yíká rẹ̀, mo fi abẹ gé e. Aláàtúnṣe kẹ̀kẹ́ fún wa ní sípóòkù méjì tó ti wọ́, a fi òkúta tọ́ ọ. A lu ihò sí agolo, a ki sípóòkù bọ inú rẹ̀, a fi rọ́bà sílípáàsì sí orí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Mọ́tò dé! Àlàní so okùn mọ́ ọn, ó fà á. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ kankan kò yí.

Bàbá mi gbà á, ó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ni yóò mú irin. Irin ni yóò yọ̀ nínú ihò. Ẹ̀yin ti mú gbogbo ẹ̀ pọ̀ pinpin, kí ló wá fẹ́ yí?"

Ó ní ká wá bíròò tí íǹkì rẹ̀ ti tán. A yọ inú rẹ̀ jù nù, a gé ike òde rẹ̀ sí méjì, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ agolo ní ìdábùú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Inú ihò bíròò yẹn ni sípóòkù gbà kọjá. Irin ń yí fàlàlà nínú ike, rọ́bà sì dì mọ́ irin. Nígbà tí Àlàní tún fà á, ó sáré lé e lẹ́sẹ̀. Mo rí i tí ọmọ náà dójú bolẹ̀, tó ń wo abẹ́ mọ́tò bí ó ṣe ń yí. Mọ́tò pupa tó ń kọrin, kò wo abẹ́ rẹ̀ rí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ẹsẹ̀ kan fi yọ sọnù. Mo ti ń retí ẹkún. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ balùwẹ̀ ni mo rí i pé ihò roboto kan wà ní gìgísẹ̀ sílípáàsì tí mo fi ń wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a gé e. Inú bí mi, mo pariwo, àmọ́ mo mọ̀ nínú ara mi pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀: ọmọ yìí kò gbé nǹkan tó bàjẹ́ wá bá mi mọ́. Ó ń lọ wá ohun tó máa fi tún un ṣe. Èmi ni kí n máa tọ́jú sílípáàsì mi.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn mọ́tò la ṣe ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn sì ni bàbá mi ti gbádùn ara rẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ ọdún Káyó-káyó ni, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣeré lójú pópó, àwọn ọmọ sì ń bi í pé kí ló dé tí apá kan ìlú fi ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí apá kejì ń jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ó sọ fún wọn pé ní ìparí ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi gba orí ọ̀sà wá tẹ̀dó síbí. Ní 1862, ọba padà sí Èkó, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà mọ́.

Àlàní ní, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n kó ewúrẹ́ wọn wá?"

Bàbá mi ronú sí i. Ó ní òun kò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kó ẹrù ilé rẹ̀ kì í fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Bí ewúrẹ́ ṣe wọ ọkọ̀ wa nìyẹn.

Ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ náà, nítorí inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi fóòmù, ọ̀bẹ tí kò mú pàápàá á gbẹ́ ẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ èèyàn márùn-ún àti ewúrẹ́ kan. Wọ́n tò wọ́n sórí ọkọ̀, wọ́n gbé e sínú bàsíà, ọkọ̀ yí dànù, gbogbo àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ sì rì. Àbẹ̀kẹ́ ní omi ló pọ̀ jù. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dín èèyàn kù sí mẹ́ta, ó tún yí. Ó jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó mú ìṣó ńlá méjì, ó kàn wọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà gbọọrọ. Ó dúró. Wọ́n fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀, ó tún gbéra. Ó ní ẹrù tó wà lórí ló ń dojú ọkọ̀ dé, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú un dúró, pé ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dìde dúró nínú ọkọ̀ kékeré fi ń gba èébú. A ṣe òmíràn ní páálí, a sì yọ́ àbẹ́là sí i lára tinú tòde kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ìyẹn lo ọjọ́ méjì kó tó rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù lọ kò wá láti ara mọ́tò tàbí ọkọ̀. Aṣọ ẹja ló kọ́ mi.

Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ọmọdé, ìyẹn 27 oṣù Karùn-ún, wọ́n wá fi ìwé ránṣẹ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra bí ohun kan tó jẹ mọ́ ìlú wa. Ìwé náà pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa, bí ìṣe wọn. Ìyá ọmọ kan ládùúgbò ní òun ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún háyà aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọba fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí lòun fẹ́ jẹ́. Ó ní ẹja. Ó ṣe tán, ère ẹja méjì ló ń kí àlejò káàbọ̀ sí ìlú yìí ní oríta, kí ló tún jẹ mọ́ Ẹ̀pẹ́ jù ẹja lọ? Ó dárúkọ ẹja tó fẹ́. Mo ń wọn ṣúgà fún oníbàárà, mo ní ó dáa.

Òun àti àbúrò rẹ̀ fi ọjọ́ méjì ṣe é lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àpò ìrẹsì ni ara, páálí ni orí àti ìrù. Òwú pupa ni Àbẹ̀kẹ́ fi rán ìrù mọ́ àpò, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jìn síra bí eyín arúgbó. Orí ẹja wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wò ó, mo rò ó pé àwọn ìyá yòókù á wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù wọn, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sùn, mo tan àtùpà, nítorí wọ́n ti mú iná lọ, mo tú gbogbo rẹ̀. Mo gé ìrù tuntun. Mo kó ọ̀rá mílíìkì tí inú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà jọ, mo fi ìdérí ìgò wọn ọ́n, mo gé ìpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní igba. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n láti ìdí ìrù wá sí orí, kí tòkè lè máa bo ti ìsàlẹ̀ bíi páànù òrùlé. Aago méjì òru lù kí n tó parí. Mo fi kọ́ ara ògiri, mo jìnnà sí i, mo wò ó. Ẹja náà ń tàn. Ká ní mo gbé e lọ sọ́jà ni, èèyàn á ti dá mi lóhùn.

Ní àárọ̀, Àbẹ̀kẹ́ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá mi, ẹja wo nìyí?"

"Èyí tó o ní o fẹ́ jẹ́ ni."

"Òbòkún ni mo sọ fún yín. Òbòkún kò ní ìpẹ́."

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń wúkọ́ níta, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́. Èmi tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́! Èmi tí ìyá mi ti fi omi gbóná àti iyọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ara òbòkún kó má yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, láti ìgbà tí mi ò tíì ga tó àga ìdáná. Ìpẹ́ igba, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹja tí kò ní ẹyọ kan.

Mo rò pé torí ìpẹ́ ló ṣe máa sunkún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ ẹja náà, ó ní, "Ìrù mi dà?" Ìgbà yẹn lomi yọ lójú rẹ̀. Ìrù rẹ̀ wà nínú garawa ìdọ̀tí, abẹ́ èèpo iṣu. Èmi fúnra mi ni mo lọ fi ọwọ́ wá a jáde, mo fi aṣọ nù ún, òwú pupa rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló ń pàṣẹ láti ibẹ̀ lọ. Èmi ń gé ibi tó bá ní kí n gé. A tú ìpẹ́ kúrò, a kó wọn sínú ọ̀rá kan. A fi ọ̀rá mílíìkì gbàǹgbà-gbàǹgbà bo ara ẹja, a fi èédú pa ẹ̀yìn rẹ̀ kó dúdú díẹ̀, a fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun. Ó ku irùngbọ̀n. Ó bi mí pé mélòó ni irùngbọ̀n òbòkún, mo sọ pé méjì tàbí mẹ́rin, ó sì wò mí bí ẹni tí kò ní gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láyé.

A lọ sí ọjà Olúwo lọ́jọ́ kejì. Ó lóṣòó síwájú ọpọ́n ìyá ẹlẹ́ja kan, ó ní ẹ kú ọjà mà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ẹnu òbòkún kan tó ṣì ń mí. Ìyá náà wò ó títí.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Irùngbọ̀n rẹ̀ ni mò ń kà, mà."

"Ẹ gbà mí! Rọra o, ẹ̀gún rẹ̀ ń ta."

Mẹ́jọ ni. Méjì gùn, àwọn tó kù kúrú, méjì sì wà lókè imú tí èèyàn kò ní rí bí kò bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀gún mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ti jẹ òbòkún láti kékeré, mi ò kà á rí. Mo ra méjì nínú rẹ̀ nítorí ìtìjú, a fi se ọbẹ̀ lálẹ́. Igi ìgbálẹ̀ tí a fi òwú dúdú wé la fi ṣe irùngbọ̀n, páálí la fi ṣe ẹ̀gún.

Ohun méjì tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ rèé, nítorí a fi ìyà kọ́ ọ ni. Ojú ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ojú ọmọ wà níwájú. Tí ẹ bá lu ihò sí ojú ẹja, ọmọ kò ní rí nǹkan kan, á máa fi orí gbá ògiri. Ẹnu ẹja ni kó ti máa wo ìta. Ìkejì ni ooru. Àpò ìrẹsì tí a fi ọ̀rá bò, ààrò ni. Kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ nígbà tí a dán an wò tí òógùn fi bò ó, mo sì yára gé ihò ńlá sí abíyá àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìjókòó ni a gbàgbé. Ìrù kò jẹ́ kó lè jókòó rárá lọ́jọ́ náà. Ó fara ti igi máńgòrò lẹ́yìn gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tó wọ aṣọ òkè ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn, ó sì tọ́ sí i, ó rẹwà. Nígbà tí ètò parí, bàbá ọmọ kan, apẹja, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Àbẹ̀kẹ́, ó ń fi ìka ka irùngbọ̀n. Ó dé orí mẹ́jọ, ó wò mí, ó ní, "Ta ló sọ fún un?" Mo ní òun ló lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Ìpẹ́ igba yẹn kò ṣòfò o. Àlàní gbà wọ́n. Ó ní òun á jẹ́ ẹ̀pìyà, torí ẹ̀pìyà ní ìpẹ́. Fún bíi oṣù kan, ẹja méjì ló ń sáré kiri àgbàlá wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé ọ̀fẹ́ ni nǹkan àfọwọ́ṣe. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò kì í ṣe owó kékeré mọ́. Àkókò tún ni, ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí pé ó ra bèbí. Èmi náà ṣì ń ra bọ́ọ̀lù. A ti fi àkísà àti ọ̀rá di bọ́ọ̀lù rí, ó dùn ún gbá nínú ilé, àmọ́ kì í ta. Sítáàsì ẹ̀gẹ́ tí èèyàn sè fúnra rẹ̀ dáa bíi gọ́ọ̀mù fún bébà àti páálí, owó rẹ̀ sì kéré. A fi òun àti ìwé ìròyìn ṣe ìbòjú kan lórí abọ́ tí a fi òróró pa, ó le koko bíi pákó nígbà tó gbẹ. Oúnjẹ ni sítáàsì, a gbàgbé. Eku jẹ imú ìbòjú náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó kù bu nígbà òjò. Ní báyìí, a máa ń fi okùn gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ òkè àjà. Fún àwọ̀, osùn ni pupa wa, àtalẹ̀ pupa ni yẹ́lò, èédú ni dúdú. Bùlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun dáa púpọ̀, kìkì pé ó wà ní ètè Àlàní fún ọjọ́ mẹ́ta.

Iléyá mìíràn ti ń bọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lánàá, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n fún òun ní páálí mẹ́ta, sísọ́ọ̀sì àti òwú pupa, àti kí n bá òun lu etí agolo mẹ́rin mọ́lẹ̀. Mo lù wọ́n. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ó ní ẹ ṣé, mà, oníbàárà ń dúró dè yín.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, òun nìkan ni wọ́n gbà láàyè, torí kò ríran dáadáa mọ́. Mo ń gbọ́ tí agolo ń dún, Àlàní ń sọ pé kò tíì tọ́, kí wọ́n tú u. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún jókòó.